Eyínfúnjowó Lọ sí Ọjà Nọ́ẹ̀lì

Bí ọyẹ́ bá ti dé Kpankou, abúlé kan lágbègbè Kétu, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í sán, tí àwọn obìnrin sì ń palẹ̀ mọ́ fún ọjà tó kẹ́yìn kí ọdún Nọ́ẹ̀lì tó pé, Ìyá á fa àpótí wọn jáde sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọjà náà bí ẹni pé ó jí wọn ní adìyẹ.

“Kí lẹ fẹ́ lọ wò ní Kétu? Ata tó wà níbí náà ló wà níbẹ̀. Ìrẹsì kì í yí àwọ̀ padà nítorí pé ọdún dé. Ẹ ó lọ gba eruku sójú, ẹ ó tẹ ara yín lẹ́sẹ̀, ẹ ó wá fi ara ríro wọlé. Ọjà Nọ́ẹ̀lì kò tó ohun tí èèyàn ń wọ bàtà fún!”

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òótọ́. Lọ́jọ́ ọjà yẹn, gbogbo nǹkan ló ń gbówó lérí, àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní sẹmíjàn á máa fọn fèrè síni létí, ẹni tí kò bá sì di àpò rẹ̀ mú, ẹlòmíì á bá a dì í. Ṣùgbọ́n Flora, ìyàwó ilé, á kàn rẹ́rìn-ín ni, á we gèlè, á sì lọ. Abúlé Adakplamè ni wọ́n bí i sí, kò sí ọdún kan tí kò bá ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà yẹn nígbà tó wà lọ́mọdé. Bó bá ń bọ̀, á ra búrẹ́dì gígùn fún Ìyá. Ìyá á bú ọjà náà tán, wọ́n á sì jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán.

Ìyá yìí kọ́ ló bí Cyriaque, ọkọ Flora. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni. Ìgbà tí ìyá Cyriaque kú, tó fi í sílẹ̀ ní ọmọ ọwọ́, àwọn ló gbé e pọ̀n, tí wọn kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi di ọkùnrin. Thérèse ni orúkọ wọn. Èmi kì í ṣe ìyàwó ilé náà, ẹnu mi gbà á. Ti Flora kò gbà á. Ẹnikẹ́ni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ fi orúkọ pè é. Á wo onítọ̀hún dáadáa, á wá fún un ní orúkọ tirẹ̀, èyí tí òun nìkan á máa pè é.

Ọjọ́ tí Flora wọlé, tí wọ́n bu omi sí i lẹ́sẹ̀, ó kọsẹ̀ níbi tó ti fẹ́ kúnlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dorí kodò sínú agbada omi. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń run orín nígbà náà, eyín wọn sì funfun báláú ju owó ẹyọ lọ. Flora gbójú sókè láti ilẹ̀ tó wà, ó ní, “Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ wọn lára. Ọdún ń lọ, eyín ń lọ, títí ó fi ku mẹ́ta péré lẹ́nu Ìyá. Orúkọ kò lọ. Bí Flora bá ti pè é báyìí, Ìyá á jẹ́ ẹ pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni pé gbogbo eyín náà ṣì wà níjokòó.

Ojú wọn náà ti ń lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n mọ ilé náà bí ẹni mọ ìka ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí ìkòkò wà, wọ́n mọ iye ìṣísẹ̀ tó dé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì lẹ́nu tí wọ́n fi ń bo ìyókù.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Flora ń gbálẹ̀, ó gbọ́ tí Ìyá ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé.

“Cyriaque, o ti jí? Ṣé o sùn dáadáa?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

“Àbí mo ṣẹ̀ ọ́ ni?”

Flora yọjú. Ẹ̀wù Cyriaque tó sá sórí okùn ni afẹ́fẹ́ ń gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún. Cyriaque fúnra rẹ̀ ti wà lóko láti kùtùkùtù. Ìyá dúró síwájú ẹ̀wù náà, wọ́n ń retí ìdáhùn, ojú wọn sì korò bí ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò kà sí.

Flora kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyá wọlé, ó rọra ká ẹ̀wù náà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, kò sọ ọ́ fún ọkọ. Ohun tó sọ fún Cyriaque kò ju pé ó dára kí dókítà wo ojú Ìyá lọ.

Wọ́n wò ó. Awọ funfun ló bo ẹyinjú méjèèjì. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n fi arúgbó sílẹ̀, Flora ló bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Dókítà ká awọ náà kúrò ní ojú ọ̀tún, ó fún wọn láàyè kí wọ́n sinmi, ó ká ti òsì. Flora ló ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, tí Ìyá ń bú u pé ó ń fi omi tútù rẹ òun lójú. Dókítà fún wọn ní jígí dúdú, ó sì kìlọ̀ gan-an pé kí wọ́n ṣọ́ra fún eruku.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, gbogbo ilé ń retí èébú ọjà. Ìyá jáde sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Ìyàwó, èmi náà fẹ́ lọ sí ọjà Nọ́ẹ̀lì.”

Cyriaque lanu. “Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò tó ohun tí èèyàn ń wọ bàtà fún?”

“Mo ti wọ̀ ọ́,” ni Ìyá wí, wọ́n sì na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú kí ó rí i.

Ìgbà yẹn ló yé Flora. Ẹni tí kò ríran, kí ló kù fún un nínú ọjà ju ariwo àti kí èrò máa tì í kiri lọ? Gbogbo èébú ọdún wọ̀nyẹn, àṣírí ni Ìyá fi ń bò. Àánú wọn ṣe é débi pé kò mọ ìgbà tó ní òun á mú wọn lọ.

Cyriaque pè é sẹ́yìn ilé. “Ẹ̀rù ń bà mí o. Eruku ọyẹ́ nìyí, èrò nìyẹn. Bí nǹkan kan bá ṣe ojú yẹn, àbí tí Ìyá bá sọnù mọ́ wa lọ́wọ́, kí la fẹ́ sọ fún ẹbí? Ìwọ lo ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Gbogbo wọn á ní ìwọ lo tún bà á jẹ́.”

“Màá mú wọn lọ, màá mú wọn bọ̀,” ni Flora wí. “Tàwọn tojú wọn.”

Ọjà kún lọ́jọ́ náà. Àwọn oníṣòwò ti sọdá ibodè láti Ìmẹ̀kọ, wọ́n kó bàtà ọmọdé tó ń tan iná bí wọ́n bá fi tẹlẹ̀, wọ́n kó fìlà pupa Bàbá Nọ́ẹ̀lì àti ìwé aláràbarà tí wọ́n fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyá kò kọjá ohun kan láìdúró. Wọ́n dúró níwájú tòmátì, wọ́n wò ó títí ẹni tó ń tà á fi bi wọ́n léèrè bóyá tòmátì òun jọ ẹni tí wọ́n mọ̀. Flora di ọwọ́ wọn mú pinpin.

Nígbà tó ku ìrẹsì nìkan, tí ibi tí wọ́n ti ń tà á sì há jù, Flora mú Ìyá jókòó sí ìsọ̀ aṣọ Ṣẹ̀hìndèmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Mò ń bọ̀ báyìí báyìí.”

Kò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, ìjókòó ti ṣófo. Jígí dúdú ló wà lórí rẹ̀.

“Aṣọ ni mo ń wọ̀n fún ẹnìkan,” ni Ṣẹ̀hìndèmí wí. “Ìyá ní jígí yẹn ń ba àwọ̀ aṣọ mi jẹ́, wọ́n sì yọ ọ́. Ìgbà tí mo máa yíjú padà...”

Flora mú jígí náà. Ó sá gba ọ̀nà àwọn oníbàtà, ó sá gba ti àwọn elélùbọ́. “Ìyá! Ìyá o!” Gbogbo ìyá tó wà lọ́jà ló yíjú. Gèlè tú mọ́ ọn lórí, kò dúró wé e. Ó ń wo ọ̀nà ńlá níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà kọjá, ó ń wo eruku pupa tó gbalẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn Cyriaque létí rẹ̀.

Láàárín ọjà, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí tábìlì, wọ́n fi ń kéde orin tí wọ́n fẹ́ kọ lọ́jọ́ ọdún. Fidèle, olórí wọn, ló di mikró mú. Flora ṣàlàyé fún un, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Kò sí wàhálà, màmá. Kí lorúkọ wọn?”

Flora fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Orúkọ wọn, màmá. Kí n lè pè wọ́n.”

“Ìyá ọkọ mi ni. N kò lè pè é.”

Fidèle wò ó. Ọmọ Kétu ni, ó yé e, ṣùgbọ́n ó yọ ọ́ lẹ́nu. “Ẹ sọ ọ́ sí mi létí nígbà náà.”

Etí ńkọ́? Ẹnu kan náà ni yóò fi pè é. Síbẹ̀ orúkọ náà ti dé orí ahọ́n Flora. Bí ọkọ̀ bá lọ gbá Ìyá ńkọ́, nítorí pé òun ń pa àṣà mọ́? Ó la ẹnu. Ẹnu kọ̀ ọ́. Ó gba mikró lọ́wọ́ Fidèle, ó gun orí tábìlì.

“Eyínfúnjowó!” Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ọjà kan. “Eyínfúnjowó, ọkọ mi! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọn ọkọ mi dàgbà! Flora ń wá yín o!”

Ẹ̀rín bú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo obìnrin lẹ́nu. Wọ́n ti obìnrin kan tó ń ta ọsàn jáde, eyín rẹ̀ funfun, ó sì ń fi í hàn wọ́n. “Òun nìyí! A ti rí i!” Flora ń mi orí, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún pè é. “Eyínfúnjowó o!”

“Mo ti gbọ́! Má fọ́ wa létí mọ́!”

Láti ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta odó ni ohùn náà ti wá. Àwọn ọmọ Kaléta ń jó níbẹ̀, àwọn ọmọdé tó máa ń bo ojú lásìkò Nọ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń lu agolo kiri. Ìyá jókòó sórí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fi eyín mẹ́ta rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọjà. Ẹni tó ń ta ọsàn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Flora dé ọ̀dọ̀ wọn, ó wólẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀. Omi ń dà lójú Ìyá. “Eruku ti wọ̀ ọ́! Mo gbé, ẹ jẹ́ n wò ó!” ni Flora kígbe.

“Kì í ṣe eruku,” ni Ìyá wí. “Ọdún mélòó ni mo fi ń gbọ́ agolo Kaléta, tí n kò rí ẹni tó ń lù ú. Mo ní kí n wò wọ́n díẹ̀.”

“Ìyá, ẹ ò rí i pé mò ń wá yín ni?”

“Mo rí ọ.”

“Ẹ rí mi?”

“Láti ìgbà tó o ti gba ọ̀dọ̀ àwọn oníbàtà. Gèlè rẹ tú. O ń jẹ ètè.” Ìyá fi ọwọ́ júwe láti ibi tí wọ́n jókòó sí títí dé tábìlì, èrò tó wà láàárín kò lóǹkà. “Láti ìhín ni mo ti rí ọ. Mo gbójú kúrò, mo tún wá ọ, mo tún rí ọ. Mo ní kí n tún wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ojú mi á sọ ọ́ nù. Kò sọ ọ́ nù. Má bínú, ìyàwó mi. Ó dùn mọ́ mi ni.”

Flora fẹ́ bínú. Ó wá ìbínú náà, kò rí i. Ó gbé jígí dúdú wọ̀ wọ́n lójú, ó di ọwọ́ wọn mú, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sínú.

Lórí sẹmíjàn, gbogbo ọ̀nà títí dé Kpankou ni Ìyá fi ń ka ohun tí wọ́n ń rí. “Màlúù. Ọmọ tó ru igi. Ilé tí wọ́n kùn.” Flora sì ń dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Cyriaque ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ojú Ìyá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó wá wo àpò, ìrẹsì díẹ̀ àti búrẹ́dì kan ló wà níbẹ̀. “Kí lẹ wá rà lọ́jà? Ìyá, ẹ sọ òótọ́, ṣé ó tó lílọ?”

“Ata tó wà níbí náà ló wà níbẹ̀,” ni Ìyá wí. “Ìrẹsì kò sì yí àwọ̀ padà.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá kọjá lára wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, Flora sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú Cyriaque. Ẹ̀wù Cyriaque tún wà lórí okùn, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbá a. Ìyá yọ jígí, wọ́n fi ọwọ́ kan apá ẹ̀wù náà.

“Èyí, ẹ̀wù ni,” ni wọ́n wí. Wọ́n yíjú sí Cyriaque. “Èyí, ọmọ mi ni.”

Cyriaque rò pé eré ni. Flora kò lè gbé ojú sókè. Ó ti rò pé Ìyá kò mọ̀ rárá.

“Mo kí ẹ̀wù láàárọ̀ ọjọ́ kan,” ni Ìyá wí fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, “ẹnìkan rí mi, kò fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ojú mi là, tí mo rí i pé ibi tí mo dúró sí ni okùn yìí wà, mo rántí ìró ìgbálẹ̀ rẹ tó dákẹ́ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé ìwọ ni. O ṣeun, ìyàwó mi. O ṣeun púpọ̀.”

Wọ́n gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì mú búrẹ́dì náà jáde. Lọ́dún yẹn, Ìyá ló kọ́kọ́ bù ú fún Flora.