Nọ́ọ̀tì Tí Olè Kò Lè Tú

Nígbà tí Títílọpẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ láti ìlú Jámánì, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ní Ìlógbò, nítorí bàbá náà, Ọ̀gá Ògúnrìndé, kì í ṣe ẹni tí ń jẹyán kí aládùúgbò má gbọ́ ìró odó. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé ilé-ẹ̀kọ́ ti jáde. Kẹ̀kẹ́ náà dára, a ò níí purọ́. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ní jíà méje tó lè gun òkè láìmí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jíà ni Ọ̀gá ń pe èèyàn wá wò. Nọ́ọ̀tì ni.

Nọ́ọ̀tì tó di táyà méjèèjì mú, àti èyí tó di ìjókòó mú, kò jọ nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kò ní igun mẹ́fà tí sípánà lè gbá mú. Orí rẹ̀ rí roboto, ó ń yọ̀, ihò kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀ tó rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ọmọ ọdún méje. Kọ́kọ́rọ́ kan péré ló bá ihò náà mu, kò sì tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

"Kò sí olè tó lè tú u," ni Ọ̀gá máa ń wí, yóò sì gbójú wo ìsọ̀ Jàmíù.

Jàmíù Afọlábí ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Láti ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tún kẹ̀kẹ́ àti táyà ọ̀kadà ṣe lẹ́bàá ọ̀nà Ìdó. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ọ̀gá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àtijọ́ síwájú ìsọ̀ náà, ó lọ ṣèpàdé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí yóò fi padà dé, wọ́n ti yọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ lọ. Jàmíù ń kírun lọ́wọ́ ní gbogbo àkókò yẹn, kò rí ẹni tó mú un. Ọ̀gá bá jókòó, ó rò ó bí ọ̀mọ̀wé: ta ni ìjókòó kẹ̀kẹ́ wúlò fún, bí kò ṣe ẹni tí ń ta ìjókòó kẹ̀kẹ́?

"Mi ò pe ẹnì kankan lólè o," ló ń wí kiri. Ní Ìlógbò, bí àgbàlagbà bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ olè náà mọ́. Gbogbo ilé ti mọ̀ ọ́n.

Kò sí ẹni tó bá Jàmíù jà. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan wọlé nígbà tó bá ń kọjá ni. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn tí ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà láti kékeré wá ń fi bàtà há abíyá wọlé bí wọ́n bá ti rí i. Jàmíù yóò kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, yóò béèrè àlàáfíà ilé àti ọmọ, inú rẹ̀ yóò sì máa ta á bí ẹni tí ata bọ́ sí lójú. Ó dùn ún. Ó dùn ún ju bó ṣe lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ni ẹni tó ń sọ ohun gbogbo fún.

Kẹ̀kẹ́ tuntun dé, ibo ni Ọ̀gá ń gbé e sí lójoojúmọ́? Iwájú ìsọ̀ Jàmíù náà ni. Ẹni tó ní o jí òun lẹ́rù, tó tún ń gbé ẹrù mìíràn síwájú rẹ láràárọ̀: bí kì í bá ṣe ìfẹ́, kí ni?

"Ìyá Fìrdáúsì," ni Jàmíù wí fún Sẹ̀ríyà ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, "ùkarahun ùgbín kan ṣoṣo ni àwọn baba wa í so mọ́ ugi ìdáná nínú oko, wọ́n á ní àálè ni, ugi á sì wà ńbẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Ọ̀gá yìí so gbogbo Jámánì mọ́ kẹ̀kẹ́, kò sì tíì rí oorun sùn."

Òótọ́ ni, Ọ̀gá kò sùn. Kọ́kọ́rọ́ ni kò jẹ́ kó sùn. Ó fi í sápò, ó bẹ̀rù pé àpò lè jò. Ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ lè tẹ́ ibùsùn. Ó fi í sínú ìwé orin, ó rántí pé àwọn akọrin ń yá ìwé. Ọ̀sẹ̀ kì í kọjá kí kọ́kọ́rọ́ náà má kó lọ sílé tuntun, kò sì sọ ibi tó kó lọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún Bọ́lánlé ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ó ní bí ìyàwó bá ti mọ̀, olè ti dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, kọ́kọ́rọ́ di àwátì. Ọ̀gá kọ ìwé méjì, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi èkejì ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Lèmọ́ọ̀mù kà á bó ṣe rí: wọ́n ti jí kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ Ọ̀gá Ògúnrìndé, ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló jí ìjókòó ìjọ́sí, Sáàmù kọkàndínláàádọ́fà ni Ọ̀gá yóò sì máa kà lé onítọ̀hún lórí láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ̀rù Sáàmù kò ba ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kírun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló yíjú sí ẹni tí wọ́n rò pé wọ́n ń kà á fún.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Sẹ̀ríyà fẹ́ lọ ẹ̀gúsí. Ibi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ra ẹ̀gúsí náà ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, agolo kan gbáko. Ìkórè ní Ìlógbò, ti gbogbo ìlú ni. Bí àwọn onígbàgbọ́ ṣe ń jẹ ẹran Iléyá láìbéèrè ẹni tó dúńbú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Mùsùlùmí ń lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń lu iṣu àti òróró ní gbàǹjo fún Olúwa. Agolo tí Bọ́lánlé ìyàwó Ọ̀gá gbé wá ni Sẹ̀ríyà jà fún, ó sì gbà á. Ó wá da ẹ̀gúsí sórí atẹ kí ó lè ṣà á, nǹkan kan sì ró kẹ́ń.

"Bàbá Fìrdáúsì, ẹ yọjú wá. Ẹ̀gúsí ìkórè bímọ."

Jàmíù yọjú. Ọ̀gá ti fi kọ́kọ́rọ́ yìí hàn án nígbà tí kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ dé, kò lè ṣì í mọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dá a padà kíákíá," ni Sẹ̀ríyà wí.

"Ká ní ubi wo la ti rí i?"

"Nínú ẹ̀gúsí."

"Tún un sọ, kí ìwọ náà fetí ara rẹ gbọ́ ọ."

Sẹ̀ríyà tún un sọ. Nígbà tó dé ìdajì, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fi í pamọ́ síbẹ̀," ni Jàmíù wí. "Ùyàwó rẹ̀ ò mọ̀, ó gbé agolo lọ fún Olúwa. O mọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá nìkan ló lè sọ ọ́ kí ùlú gbà á gbọ́. Ṣé ẹni yẹn ló máa sọ pé òun fi kọ́kọ́rọ́ Jámánì sínú ẹ̀gúsí?"

"Ẹ jù ú sí ṣáláńgá nígbà náà."

"Bí mo bá jù ú nù, mo ti jí i nìyẹn."

Ó fi ọ̀rá wé kọ́kọ́rọ́ náà, ó kì í sí ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́, lábẹ́ agolo gírísì. Ẹ wá wo nǹkan: ẹni tí kò jalè rí ń kọ́ bí a ti ń fi ẹrù olè pamọ́ nígbà tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó sì ń ṣe é dáadáa. Oṣù mẹ́rin kọjá, bí ẹnikẹ́ni bá ti sún mọ́ àpótí náà, á lọ jókòó lé e.

Ní oṣù kẹta, ìṣó ńlá kan fa táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Ọ̀gá ya lójú ọ̀nà Ìdó. Kì í ṣe èyí tí a ń lẹ̀. Ó di kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí wọ́n fi táyà tuntun sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ní Ìdó ṣẹ́ sípánà méjì, ó dá a padà. Ti ìlú Ìyè gbé iná ìjórin dé, Ọ̀gá já kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbà. Títílọpẹ́ ní kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lára páálí tó bá kọ́kọ́rọ́ wá, wọ́n á fi rọ òmíràn. Ọ̀gá ti fi páálí náà pamọ́ síbi tí olè kò lè dé. Ọ̀gá pẹ̀lú kò lè dé ibẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, kí oòrùn tó mú, Ọ̀gá yọ sí ìsọ̀ Jàmíù. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé e, òun ló gbé e léjìká. Òógùn bò ó. Ní ọ̀nà ọjà ni ìsọ̀ náà wà, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wò.

"Jàmíù, o kú iṣẹ́. Mi ò wá bẹ̀ ọ́ o," ni Ọ̀gá wí, pẹ̀lú Yorùbá inú ìwé tó máa ń sọ. "Ayùn ni kí o fi gé nọ́ọ̀tì yìí."

"Bí mo bá gé e, ọ̀pá àárín rẹ̀ á bá a lọ, Ọ̀gá. Kẹ̀kẹ́ yín á di ẹrù alágbẹ̀dẹ."

"Gé e."

Jàmíù gbé ayùn lé nọ́ọ̀tì. Nǹkan ti rọrùn báyìí: kí ó gé e, kí kẹ̀kẹ́ bàjẹ́, kí kọ́kọ́rọ́ máa jẹ gírísì lọ títí ayé. Ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀. Orúkọ rẹ̀ kò ní í dára sí i, ṣùgbọ́n kò ní í burú ju báyìí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ. Bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kọ́ ọ ní oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ bí a ti ń ba kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ jẹ́ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú àpótí ẹni. Ó ju ayùn sílẹ̀, ó ṣí àpótí, ó tú ọ̀rá.

"Mo wí i!" Ọ̀gá kígbe. Àfi bíi pé wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. "Mo wí i, ẹ kò gbọ́! Ẹ ti fojú yín rí i!"

Jàmíù sọ bó ṣe jẹ́. Sẹ̀ríyà jáde wá, ó sọ ọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ẹ̀rí ìyàwó fún ọkọ ti í rí. Olúbùnmi tó ń ta ata ní òun ṣẹlẹ́rìí pé Ìyá Títí, ìyàwó Ọ̀gá, gbé agolo ẹ̀gúsí wá sí ìkórè, òun gan-an bá Sẹ̀ríyà dù ú. Àwọn kan rẹ́rìn-ín: ta ni í fi kọ́kọ́rọ́ sínú ẹ̀gúsí? Ni gbogbo ojú bá yí sí Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ṣé ubẹ̀ lẹ fi í sí ni?" ni Olúbùnmi bi í.

Ọ̀gá ya ẹnu. Ó wo kọ́kọ́rọ́.

"Mi ò rántí," ló wí.

Ọdún márùndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi na ọmọ tó bá ní òun kò rántí. Méjì nínú àwọn tó nà wà ní ìdúró níbẹ̀, ọ̀kan wọn sì wúkọ́.

Ní ti Jàmíù, ọ̀rọ̀ náà gbá a láyà bí òkò. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sínú ihò, ó ti yí i lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ọ̀tì náà ń tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ tí a kọ́. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ó fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀ ní agbedeméjì, ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

"Kò burú, Ọ̀gá. Ùgbà tẹ́ ẹ bá rántí, uṣẹ́ á tẹ̀síwájú."

Kò sí ẹni tó lọ. Oòrùn ń gòkè. Ọ̀gá wo táyà, ó wo àwọn èèyàn, ó wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Yorùbá inú ìwé ti lọ lẹ́nu rẹ̀.

"Unú ẹ̀gúsí ni mo fi í sí," ló wí. "Mo ní olè ò lè wo ubẹ̀. Ùgbà tí mo mọ̀ pé agolo ti lọ... ojú ló tì mí, Jàmíù. Mi ò lè dúró kí gbogbo ùlú máa fi mí rẹ́rìn-ín."

Àwọn èèyàn kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Jàmíù dìde, ó tú nọ́ọ̀tì tó kù, ó fi táyà tuntun sí i, ó fẹ́ ẹ, ó dì í padà. Ó nu kọ́kọ́rọ́ mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé e lọ́wọ́ Ọ̀gá.

"Èmi ti gbọ́," ló wí. "Àwọn tó wà ńbí ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n ka ùwé yín. Ọ̀la ni Jímọ́ọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ni Ọ̀gá fi rìn dé mọ́ṣáláṣí. Wọ́n kírun tán, Lèmọ́ọ̀mù ní àlejò ní ọ̀rọ̀. Jàmíù jókòó ní ìlà kejì. Láti àná ló ti múra ẹ̀rín kan sílẹ̀ dè é, ẹ̀rín kékeré, tí kò ní í pọ̀ jù, tí Ọ̀gá kò sì ní í gbàgbé títí wọn ó fi sin ín.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọ bàtà. Kò kọ ìwé wá.

"Kọ́kọ́rọ́ mi kò bọ́ sọ́wọ́ olè," ló wí. "Èmi ni mo sọ ọ́ nù. Ní ti ìjókòó tó lọ lọ́jọ́sí, mi ò rí ẹni tó mú un. Ẹnu ni mo fi rí i."

Gbogbo wọn ń retí kí Jàmíù yíjú kí ó wò wọ́n, òun náà sì ti fẹ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kọ̀ fún un. Ọdún méjì gbáko ló ti fi ń fi agbára gbé orí rẹ̀ dúró láàárín wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ ba sórí ẹní, ó sì ń sunkún.