Orúkọ Tí Màmá Wọ́ọ̀dù Ò Fẹ́ Pè

Pè-É-Lórúkọ ni àwọn aláìsàn ń pe dókítà náà, wọn ò sì fi bú u. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, gbogbo ayé ló máa ń fi àìsàn yẹn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n: "àìsàn burúkú yẹn", "ohun tó ń ṣe é". Òun kì í gbà. Tí èsì àyẹ̀wò bá ti dé, á wo ojú aláìsàn, á ní, "Jẹjẹrẹ ni." Á wá ní kí aláìsàn fúnra rẹ̀ pè é. "Ẹ pè é kí n gbọ́. Ẹni tẹ́ ẹ ò lè dárúkọ rẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ bá a jà?" Àwọn kan á bú sẹ́kún, àwọn kan á ṣépè fún un. Bàbá kan tiẹ̀ bọ́ bàtà, ó ní òun máa là á mọ́ ọn lórí. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí bàbá yìí kan náà fi ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pè é rí nínú wọ́ọ̀dù yẹn. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, Màmá Wọ́ọ̀dù, tí òun àti dókítà ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Obìnrin yìí máa ń tọ́jú egbò tí ẹlòmíì ò lè wò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kó ní jẹjẹrẹ? Láéláé! Jẹjẹrẹ ló pa ìyá rẹ̀. "Nǹkan yẹn" ló ń pè é.

"Màmá Wọ́ọ̀dù," dókítà á ní, "ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pe nǹkan yẹn lórúkọ, òjò á rọ̀ nínú wọ́ọ̀dù yìí."

"Kó má tíì rọ̀ o, sà. Òrùlé yín ti ń jò tẹ́lẹ̀."

Ìgbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run dókítà. Ó ní àìjẹun lásìkò ni. Ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀, ó ń lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì, ó ṣì ń yọ kókó lára àwọn ẹlòmíì. Nígbà tó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde mọ́ ló tó gbà kí wọ́n yẹ òun wò ní ilé ìwòsàn ńlá tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí tiwọn. Ó ní Màmá Wọ́ọ̀dù ni kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sí. "Ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á fún mi. Ẹ ò parọ́ fún mi rí."

Màmá Wọ́ọ̀dù ka ìwé náà nínú yàrá oògùn. Nǹkan yẹn ni, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Ó jókòó sórí páálí oògùn, ó sunkún títí, ó bọ́jú, ó gba ilé dókítà lọ.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó dókítà, tó jẹ́ tíṣà, ti pàdé rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kúnlẹ̀ gbì.

"Mà, ẹ dákun, ẹ má sọ ọ́. Tó bá gbọ́, kò ní rí ọ̀la. Ẹ ní ọgbẹ́ inú ni."

"Ẹ dìde, Tíṣà."

"Mi ò ní dìde, àfi tẹ́ ẹ bá ṣèlérí fún mi."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń mirí, ẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ ò rí Tíṣà bó ṣe di aṣọ rẹ̀ mú. Màmá Wọ́ọ̀dù wọlé, ó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ọgbẹ́ inú ni, sà."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun o. Ẹ̀rù ti ń bà mí, mi ò kàn jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni."

Ẹ ó bi mí pé ṣé dókítà jẹjẹrẹ ò mọ jẹjẹrẹ ni. Ó mọ̀ ọ́n lára ẹni gbogbo. Ẹ̀rù kì í bi èèyàn pé iṣẹ́ wo lo ń ṣe. Ó gbà á gbọ́ nítorí pé Màmá Wọ́ọ̀dù ló sọ ọ́.

Ojú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. "Aránṣọ yẹn ńkọ́, èyí tí kókó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lọ́yàn? Mo ti kọ lẹ́tà tó máa mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ ya á. Kí ló fẹ́ lọ wá lọ́nà jíjìn? Oṣù kan péré ni, màá fọwọ́ ara mi yọ ọ́. Ẹ ní kó dúró dè mí."

Tí Màmá Wọ́ọ̀dù ò bá ya lẹ́tà náà, dókítà á bi í pé kí ló dé, irọ́ á sì tú. Ó ya á. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni Aránṣọ ń wá, gbogbo ọjọ́ Ajé ni Màmá Wọ́ọ̀dù ń sọ fún un pé dókítà ò ní pẹ́ dé. Láìsí lẹ́tà tí dókítà fọwọ́ sí, wọn ò ní gbà á lọ́hùn-ún. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni Màmá Wọ́ọ̀dù ń pinnu pé òun máa lọ tọrọ òmíì lọ́wọ́ dókítà, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo.

Ó di ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ojú dókítà pọ́n yòò bí epo. Ó ránṣẹ́ pe Màmá Wọ́ọ̀dù. Ó gbé ọwọ́ obìnrin náà lé abẹ́ ìhà tirẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀dọ̀ ti le gbagidi níbẹ̀.

"Màmá Wọ́ọ̀dù, kí ni ìwé yẹn sọ?"

"Ọgbẹ́ inú..." ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bi."

Màmá Wọ́ọ̀dù wo Tíṣà, ó wo ilẹ̀, ó wá wo ojú ọkùnrin tó ń kú lọ náà.

"Jẹjẹrẹ ni, sà."

Dókítà ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, sà."

Ì bá bínú, ì bá sàn. Ó ń fi ìka kà á, ẹnu rẹ̀ ń mì. Màmá Wọ́ọ̀dù rò pé ọjọ́ ayé rẹ̀ tó ti lọ ló ń kà.

"Aránṣọ ńkọ́?" ó ní. "Lẹ́tà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ní kí n ya á, sà."

Ọkùnrin tó ti sọ ọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn láìṣẹ́jú bá fọwọ́ bojú, ó sunkún bí ọmọdé. "Èmi ni mo ní kó dúró," ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, "èmi náà ni." Ó ní kí wọ́n mú ìwé wá. Màmá Wọ́ọ̀dù ló kọ lẹ́tà tuntun, dókítà fọwọ́ sí i, ìlà ọwọ́ rẹ̀ wọ́ gbọọrọ kọjá etí ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì ló kú. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àwọn aláìsàn kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sọ pé kò sí ẹni tó máa sọ òótọ́ fún àwọn mọ́. Màmá Wọ́ọ̀dù fa Aránṣọ wọ yàrá oògùn, ó ti ilẹ̀kùn.

"Dókítà ti kú. Jẹjẹrẹ ló pa á. Mo mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá sẹ́yìn, mo parọ́ fún un, irọ́ mi ló dá ẹ dúró. Lẹ́tà rẹ nìyí. Lónìí ni kó o lọ."

Aránṣọ ò sunkún, kò sì bú u. Ó gba lẹ́tà, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa téèpù tó fi ń wọn aṣọ jáde.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, kókó yìí ò tó ínṣì kan," ó ní. Ó fi èékánná tẹ ojú ibi tó dé báyìí: ínṣì méjì àti ààbọ̀. "Òmíì tún ti sọ lábíyá. Mo bi yín ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ṣé kí n máa wá ibòmíì lọ."

Màmá Wọ́ọ̀dù ò lè gbé ojú kúrò lára nọ́ńbà náà.

"Ẹ ní kí n dúró, mà," Aránṣọ ní. "Mo dúró."