Agogo Idẹ Tí Ọmọ Mi Ha

Agogo idẹ pẹlẹbẹ mẹ́fà ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa ní Kalinga, ní orílẹ̀-èdè Philippines. Ẹ̀gbọ́n mi, Awingan, ló ń tọ́jú wọn. Nígbà tí ọmọ mi Dumalig, tó ń da orin ilé wa pọ̀ mọ́ orin dùùrù ní Manila, ní òun fẹ́ yá ìkẹrin, mo yọ ọ́ fún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ ìgbéyàwó ọmọ Awingan ló tó dá a padà.

“Màmá, kò bá dùùrù mu, ni mo bá ha inú rẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Kò wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin mẹ́fà kúnlẹ̀, wọ́n gbé agogo lé itan, wọ́n ń fi ọwọ́ lù wọ́n. Kò pẹ́ tí Awingan fi dá wọn dúró.

“Kí ló ṣe ìkẹrin yìí? Ó ń dún bí àna tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wa.”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi ni mo yọ ọ́ fún Dumalig. Ó ti ha á.”

Awingan kò pariwo. Ó gba agogo náà, ó nà án sí ọmọ mi.

“Ohùn tí o fẹ́ nìyí. Kúnlẹ̀, kí o máa lù ú títí ìyàwó yóò fi jó tán.”

Dumalig kúnlẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti kàn án láti lù, àwọn ìbátan wa á yíjú sí mi, èmi náà á sì wolẹ̀.