Ọrùn Bùbá Jàlálù

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo sunkún nígbà tí ọkọ mi kú. Mi ò sunkún. Gbogbo ìyá àgbà ilé wa ní Ìlobù ló wò mí títí, tí wọ́n ń sọ ọ́ sí ara wọn létí pé ojú Nímọ́tà ti gbẹ jù, àfi bí ẹni pé èmi àti bàbá Azeemah ti ń jà tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ wọn. Etí mi ò di.

Bùbá ló há mi lọ́fun. Télọ̀ ni mí, Jàlálù ọkọ mi sì ní bùbá àǹkárá kan tí ọrùn rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbé e fún mi kí n bá wọn tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọ mọ́tò wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Òṣogbo wá béèrè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ní ó di ọ̀la. Nígbà kẹta yẹn, iṣẹ́ oníbàárà ti kún ilẹ̀, mo kanra mọ́ wọn pé ṣé bùbá kan ṣoṣo ni wọ́n ní láyé ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò burú. Wọ́n ti sùn kí n tó délé lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣubú lóko, wọn ò dìde mọ́.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ni ṣọ́ọ̀bù yẹn. Èmi àti Shakirah ará Ìfọ́n la jọ ni ín. Ibì kan náà la ti kọ́ṣẹ́, òun ló sì ṣe alárinà èmi àti ọkọ mi. Abẹ́ máṣíìnì ló máa ń fi lẹ́tà wọn pa mọ́ sí kí ọ̀gá wa má baà rí i. Tí ẹnì kan bá wà tí mo lè jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ bùbá yẹn fún, òun ni. Nítorí náà òun ni mò ń retí.

Kò wá. A ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, kò wá. Ìjà ilẹ̀ ti tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé. Mo mọ̀, àmọ́ inú mi ò fẹ́ mọ̀. Ó ń pè mí lórí fóònù, mi ò gbé e. Lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń wá kí ọlọ́fọ̀, á sì jókòó tì í. Ẹni tó bá ń fi fóònù kí mi, kí ló ń kí? Mo ní kí Azeemah ọmọ mi sọ fún un pé kó gbàgbé nọ́ńbà mi. Azeemah ní kí n rò ó wò, ibo ni mo fẹ́ kí wọ́n gbà wá? Mo lé e jáde ní yàrá.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni àwa Mùsùlùmí fi ń ṣe opó, mi ò sì yọjú síta. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń ṣàdúrà pé ẹ̀yìn wọn á dára, mò ń ṣe àmín. Tí wọ́n bá lọ tán, màá tún máa ro bùbá.

Ọjọ́ kejì tí mo jáde opó, tí ìlú ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo láti lọ kó ẹrù mi kúrò lọ́dọ̀ Shakirah. Mo ti to èébú jọ sẹ́nu. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ rí mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ẹ kú aráfẹ́rakù, ó ní ọ̀rẹ́ mi wà nínú ilé, Jímọ̀ lónìí. Mo ní kí ni Jímọ̀ ní í ṣe níbẹ̀. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ ni? Gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ ni Shakirah kì í ránṣọ. Á tẹ́ ẹní sídìí máṣíìnì mi, á jókòó, á kọjú sí àga mi, á ní òun wá kí ọlọ́fọ̀.

Mo wọlé. Orí ẹní náà ló wà lóòótọ́. Ó ti nu máṣíìnì mi, bùbá Jàlálù sì wà lórí ìṣó níbi tí mo fi í sí. Gbogbo èébú yẹn pòórá lẹ́nu mi. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo jẹ́wọ́ pé mo kanra mọ́ wọn, pé ọ̀rọ̀ tí mo fi sin wọ́n nìyẹn.

Shakirah wò mí. "Nímọ́tà, ilé kan náà lẹ jọ ń gbé. Ṣé torí bùbá lo rò pé wọ́n ṣe ń wọ mọ́tò wá sí Òṣogbo?"

Mo gbójú sókè wo bùbá lórí ìṣó. Shakirah ń bọ́rọ̀ lọ.

"Wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń jáde lọ nígbà kẹta yẹn. Wọ́n ní kí n má bá ọ rán an o, kí àwọn lè rí nǹkan wá béèrè."

Ìgbà yẹn ni mo bú sẹ́kún. Ẹkún oṣù mẹ́rin ni. Shakirah ò ní kí n dákẹ́, ó dì mọ́ mi, ó ń sun tiẹ̀ náà.

Nígbà tó ṣe, ó ní ká máa lọ sílé, ká fi bùbá náà di ọ̀la. Mo kọ̀. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí ìṣó, mo jókòó sídìí máṣíìnì mi, mo fi abẹ tú ọrùn rẹ̀, mo tún un rán kó lè gba orí wọn.

"Òní ni," ni mo sọ fún Shakirah.