Dádì Ti Lọ Sórí Omi

Kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Àbí... rárá, àwo oúnjẹ ni wọ́n ń kó jọ lọ́hùn-ún. Àwo lásán ló já mi láyà báyìí. Bó bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ni, a jẹ́ pé Tolliver ni, wọ́dà àárọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í gùn: "Fontaine, ká ibùsùn rẹ." Ó parí. Ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́, ṣẹkẹṣẹkẹ lẹ́sẹ̀, mọ́tò, ó di ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá lókè lọ́hùn-ún, ó di gbére. Wọn kì í sọ ọjọ́ fún èèyàn. Wọ́n ní a óò sá. Kí n sá lọ síbo?

Kò gbọdọ̀ jẹ́ àárọ̀ yìí. Ọlọ́run, jọ̀ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀la. Kí wọ́n kó àwo tán ná, kí wọ́n tan fóònù ara ògiri yìí, kí n bá Coralee sọ̀rọ̀. Kí ọmọ mi gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi. Nítorí bí mo bá ti dé ọ̀hún, kò sí fóònù fún ẹni tuntun, ó lè di oṣù mélòó kan. Purvis ló sọ bẹ́ẹ̀, Purvis tá a jọ wà nínú yàrá kan. Ó ti lọ, ó ti bọ̀, ó mọ ibẹ̀ bí ẹní mọ ilé ìyá rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ jìnnà sí òkun. Ẹsẹ̀ Màámi tó wú yẹn ò lè gbé e débẹ̀ láéláé.

"Sọ fún ọmọ rẹ," Purvis ló wí bẹ́ẹ̀ lánàá, ó ń fọ́ bísíkíìtì sínú núdùùsì rẹ̀. "Wo bó o ṣe lóṣòó ti fóònù bí adìyẹ tó ń sàba! O máa pamọ láìpẹ́."

Ó rọrùn fún un. Kò bímọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an? Coralee, gbọ́, Dádì ò... Coralee, kì í ṣe orí omi ni mo wà. Kì í ṣe... Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Kí ni gbére létí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?

Màámi ló dá irọ́ náà sílẹ̀ — mi ò dá a lẹ́bi, kí ni ì bá sọ? Lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú mi, ọmọ ti ilé ìwé dé, ó ní, "Dádì mi dà?" Màámi ní, "Ó ti lọ sórí omi." Ó tán. Nílùú wa, bàbá ta ni kì í lọ sórí omi? Hẹlikópítà á gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wa epo láàárín òkun, ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Iṣẹ́ tí èmi náà ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti lè gbé páìpù. Irọ́ náà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, Màámi kàn bẹ̀rẹ̀ mú un ni. Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù, oṣù ń di ọdún. "Ìjì ò jẹ́ kí hẹlikópítà gbéra, ọmọ mi. Àwọn tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn."

Èmi náà sì ń gbè é lẹ́yìn. "Ìgbì pọ̀ lónìí o, Coralee. Mo rí ẹja kan tó tóbi ju ọkọ̀ lọ." Níbi tí mi ò ti rí ojú ọ̀run.

Obìnrin inú ẹ̀rọ fóònù yẹn, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ló ń dẹ́rù bà mí jù. Kó o tó la ẹnu rárá, á ti polongo rẹ: ẹlẹ́wọ̀n ló ń pè yín láti àtìmọ́lé ìjọba ìbílẹ̀. Ìyẹn ò ṣòro. Màámi á gbà á sétí ara rẹ̀, á dúró kó wí i tán, kó tó na fóònù sí ọmọ. Ọgbọ́n àgbà. Ṣùgbọ́n oníranù obìnrin náà kì í sinmi, á tún já wọ àárín ọ̀rọ̀, á tún wí i látòkèdélẹ̀. Orí mi ló ń yọ mí níbẹ̀. Orí mi ni, ní tòótọ́. Nítorí aláriwo ni Coralee, ó jọ ìyá rẹ̀ tó fi wá sílẹ̀ lọ, ibi tí obìnrin náà bá ti ń sọ̀rọ̀ gan-an lọmọ mi máa ń wà lẹ́nu orin. Orin ilé ìwé, orin ìpolówó ọṣẹ, èyí tó bá sáà ti rí. Á pariwo bo gbogbo ayé mọ́lẹ̀. Èmi á mí kanlẹ̀. Mo yọ. Mo tún yọ.

Lónìí, mi ò ní yọ. Èmi fúnra mi ni màá... Bó bá wá ní, "Dádì, ìgbà wo lo ń bọ̀?" ńkọ́? Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kí n tó kí i tán. Ìgbà wo lo ń bọ̀, kí lo jẹ? Kí ni màá wí? Pé mi ò bọ̀ mọ́? Pé ọkùnrin kan bá mi jà ní èbúté, pé mo mú irin, pé ó kú, pé òun náà lọ́mọ... Adájọ́ ò tiẹ̀ wojú mi. Ẹ̀wọ̀n gbére, ẹlòmíràn dà? Màámi ò sunkún. Ó ń wá awò rẹ̀ nínú báàgì, ó ń tú u, ó ń tú u, awò sì wà lójú rẹ̀.

Màá kọ́kọ́ béèrè ajá. Ajá ná, lẹ́yìn náà ilé ìwé, lẹ́yìn náà...

Kọ́kọ́rọ́! — — Ó kọjá. Ti ẹlòmíràn ni.

Kí ni Coralee tiẹ̀ sọ ní Sọ́ńdè tó kọjá? Ẹ jẹ́ kí n rántí ohùn rẹ̀. Ó ń ròyìn ajá fún mi, pé ajá ti jẹ bàtà ìyá àgbà, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ?" Mo ní dáadáa ni. Ó ní, "O máa ń yó?" Mo ní...

Dúró ná.

Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ? Ta ló ń bi ẹni tó wà lórí omi nírú ẹ̀? Kò sọ́mọ ìlú wa tó lè bi í. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò síbi tí wọ́n ti ń jẹun bí orí omi. Ẹran yíyan tó tóbi ju àwo tó wà nínú ẹ̀ lọ, edé, áísìkirímù ní wákàtí tó bá wù ọ́. Coralee gan-an a máa jowú mi. "Kí lo jẹ?" ló máa ń wí, á ní ọ̀kánjúwà ni mí, pé n ò gbé díẹ̀ bọ̀ fóun. Kí ló wá dé tó fi...

Lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́. Mo rántí. Ó dákẹ́, mò ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń retí nǹkan. Ló bá bú sórin. Ìgbà yẹn, *ìgbà yẹn* lobìnrin náà tó la ẹnu! Orin ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Ọmọ náà mọ ìgbà tó ń bọ̀. Ó ti há a sórí. Orí wo ló ń yọ ọ́, Leland, ìwọ òmùgọ̀ yìí? Ọmọ ló ń fi orin bò ọ́ láṣìírí.

Ó mọ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Bá a kẹ̀! Òótọ́ ti jókòó dè é nílé, ó ń bá wọn jẹun, ó ń fọ àwo. Ta ni ọmọ náà ń sunkún sí lára? Kì í ṣe Màámi, kó má bàa ba irọ́ Màámi jẹ́. Kì í ṣe èmi. Òun nìkan ló ń gbé e kiri, èmi sì wà níbí, mo rò pé èmi ni mò ń dáàbò bò ó. Ó ń dùn mí. Ọlọ́run, ó ń dùn mí.

Wọ́n ti tan fóònù. Purvis ń fi àgbọ̀n júwe rẹ̀ fún mi. Mo dìde, mo gbé e, ó tutù létí mi. Kí ni mo fẹ́ sọ tí kò mọ̀? Ó ku ìbéèrè yẹn ṣá, èyí tó ń bà mí lẹ́rù láti àárọ̀. Bó bá ní ìgbà wo lo ń bọ̀... Ìgbà wo ló bi mí gbẹ̀yìn ná? Kì í ṣe Sọ́ńdè. Kì í ṣe Sọ́ńdè tó ṣáájú ìyẹn. Nígbà tá a fi ìjì ṣe àwáwí, ó ń bi mí. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, gbogbo ìgbà tí mo bá pè ló ń bi mí, mo tiẹ̀ bínú sí i...

Láti ọjọ́ tí adájọ́ ti sọ̀rọ̀, kò bi mí mọ́.