Orí Ulises Lórí Planeta

Nélida gé orí Ulises dànù ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò sì kábàámọ̀. Àwòrán orí ni o, ẹ má bẹ̀rù.

Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń tọ́jú Planeta, ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń kó gbogbo ohun tí àwa tí à ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ fún aráyé ní ìlú Rosario bá kọ jọ sójú kan. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ni àwòrán orí rẹ̀ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Àmọ́ láti oṣù kẹta tí Ulises ti wọ iṣẹ́ iléeṣẹ́ kan, orí rẹ̀ ò sọ nǹkan mìíràn ju “ẹ wá rà á” lọ. Ulises tó máa ń kọ àṣìṣe ara rẹ̀ títí ẹ̀rín á fi pa wá! Ó dùn mí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Nélida pè é lórí fóònù. “Ṣé ìwọ lò ń kọ ìranù yìí?”

“Èmi kẹ̀? Àwọn onípolówó ọ́fíìsì wa ni. Orí mi nìkan ni wọ́n yá.”

“O ò tijú!”

“Ìyá Ìjọ Planeta, rọra. Tí o bá yọ tiwa kúrò, kí ló kù?”

“Àwa ló kù!” Ó pa fóònù.

Ó yọ gbogbo ti ọ́fíìsì náà. Àwa yòókù ti jáwọ́ kíkọ tipẹ́. Ohun tó kù kò ju méjì lọ: èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ, àti ti Evaristo, ọ̀kan nínú wa, tí a ti sin láti ọdún méjì. Síbẹ̀ ó ní àwọn tó ń kà á kò ní ṣàìdùnnú, ẹnìkan á kọ nǹkan. Ó lẹ ìkéde mọ́ ọn: “Mo ti lé àwọn ọlọ́jà lọ. Ẹ wá kọ tiyín.” Ó bu omi gbígbóná sí mate rẹ̀, ewé tíì tí à ń mu níbí, ó jókòó tì í.

Ọ̀sán pọ́n. Ó lọ ká aṣọ, ó padà wá wò ó, òfo.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni lẹ́tà kan wọlé. Ó fò dìde, mate dà sí i lára.

“Nélida wa ọ̀wọ́n, láti àárọ̀ la ò ti rí ọ̀rọ̀ wa lórí Planeta mọ́. Ṣé kò sí nǹkan? Ojoojúmọ́ la máa ń kà á.”

Àwọn onípolówó ọ́fíìsì Ulises ló kọ ọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò rántí ìgbà tí ẹnìkan béèrè Planeta lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó fèsì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n ń kà á, ọpẹ́ náà sì ti ọkàn rẹ̀ wá.