Ọwọ́ Òsì Méjì Abìyẹ́-Irin

“Ọwọ́ òsì ni méjèèjì, ẹ̀gbọ́n,” ni olóòtú wí. Ó fi ìka tẹ àwòrán náà mọ́ tábìlì bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ.

Ayàwòrán tẹjú mọ́ ọn. Abìyẹ́-Irin, akọni ìwé àwòrán tó ń fò, tí òun ti ń yà láti ìgbà àpọ́n, ló wà níbẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé afárá tó fẹ́ wó. Àtàǹpàkò méjèèjì kọjú sí ọ̀nà kan náà rẹ́gí.

Àwọn lámèyítọ́ ti rí ọwọ́ yẹn tipẹ́, wọ́n sì ń yìn ín. Wọ́n ní íńkì dúdú kìjikìji tó ń lò àti ọwọ́ gbàǹgbà tó ń yà, ọ̀tọ̀ gedegbe ni. Ọ̀kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ ni òsì méjì náà, pé agbára akọni ọ̀hún kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn. Ayàwòrán kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó panu mọ́. Àfi bí lámèyítọ́ tuntun kan ṣe dé, tó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kò sí ọgbọ́n kankan ńbẹ̀, ọkùnrin yìí ò mọ ọwọ́ yà ni.

Olóòtú ní kó tún un yà kí ìwé tó wọ ilé ìtẹ̀wé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á gbé Abìyẹ́-Irin fún ẹlòmíràn tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán, tí àwọn akọni tirẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n fi òróró nù.

Nílé, ó ro ẹjọ́ fún ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, tó ń so apá mọ́ ẹ̀wù. Ó ní ọ̀tún lòun fi ń yàwòrán, òsì lòun máa ń gbé sókè wò. Ọ̀tún kì í ráyè. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí pínnì fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ló bá dá orin sílẹ̀:

“Òsì níhìn-ín, òsì lọ́hùn-ún,
ta ni yóò bá akọni fọ̀tún họ ẹ̀yìn?”

Nígbà tó rí i pé ojú ọkọ òun ò tú ká, ó na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sábẹ́ iná.

“Olówó orí mi, ẹ ya èyí.”

“Sísọ́ọ̀sì ti wọ́ ìka ẹ. Abìyẹ́-Irin á wá ní ìka wíwọ́.”

“Ẹni tó ń gbé afárá kiri, ṣé ìka rẹ̀ ò ní wọ́ ni?”

Ọkọ yà á bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú íńkì kìjikìji yẹn náà. Ó fi òsì tirẹ̀ sílẹ̀ lápá kejì. Olóòtú wò ó, wò ó, ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé.

Nígbà tí ìwé jáde, lámèyítọ́ tuntun kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ti mọ ọwọ́ yà wàyí, pé ọwọ́ ọ̀tún tó ti ṣiṣẹ́ kára rí nìyẹn, inú àròjinlẹ̀ ayàwòrán nìkan ló sì ti lè wá.

Ayàwòrán kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń ké nínú yàrá kejì, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń kọrin lé e. Ó gbé fóònù, ó pe ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

“Ẹ bá mi sọ fún lámèyítọ́ yín,” ló wí, “ọwọ́ ìyàwó mi ni.”